Thomas Tilling, Ọlọ́kọ̀ Ẹlẹ́ṣin ti Peckham

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wọ bọ́ọ̀sì 12 rí ní Rye Lane, èyí tó ń lọ sí Oxford Circus. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ti lé ní 170 ọdún tí ọkọ̀ èrò ti ń ti Peckham lọ sí Oxford Street? Ẹṣin ló ń fà á nígbà yẹn. Ìtàn ọkùnrin kan tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Thomas Tilling lorúkọ ẹ̀.

Ọdún 1825 ni wọ́n bí i. Kò tíì sí bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù rárá. Ó di 1829 kí George Shillibeer tó gbé ọkọ̀ èrò ẹlẹ́ṣin jáde, láti Paddington dé Bank. Tilling ṣì kéré gan-an nígbà yẹn.

Ní 1846, Tilling fi pọ́n-ùn 30 ra ẹṣin kan àti kẹ̀kẹ́ tó ń fà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Walworth, tí kò jìnnà sí wa. Nígbà tó fi di oṣù kìíní ọdún 1850, ó ti ní bọ́ọ̀sì tiẹ̀, tó ń ná Peckham sí Oxford Street. The Times ló sọ ọ́.

Àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn máa ń dúró títí ọkọ̀ wọn á fi kún. Ẹni tó bá ti wọ dáńfó ní Èkó mọ bó ṣe rí: agbèrò á máa pariwo, èrò á máa làágùn, ọkọ̀ ò ní í kúrò lójú kan. Tilling ò ṣe bẹ́ẹ̀. Tí àkókò bá ti tó, bọ́ọ̀sì ẹ̀ gbéra nìyẹn, ibi tí wọ́n ti mọ̀ ló sì ti ń gbé èrò.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò rọrùn o. Àyè tó bá ṣófo, owó ló sọnù. Bí ọkọ̀ kún, bí ò kún, ẹṣin gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ mọ̀ pé òun ò ní í pẹ́, ìyẹn làwọn èèyàn ṣe fọkàn tán an. Ní 1856, ẹṣin ẹ̀ ti di 70.

Kí ló fi ẹṣin tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹṣin méjì ló ń fa bọ́ọ̀sì kan, àmọ́ ó máa ń rẹ̀ wọ́n kíákíá. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo máa ń nílò nǹkan bí ẹṣin 11 lóòjọ́, kí wọ́n lè máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn panápaná Lọ́ńdọ̀nù náà máa ń gba ẹṣin lọ́dọ̀ Tilling. Ẹṣin panápaná gbọ́dọ̀ yára, kò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ariwo.

Ní 1865 ni wọ́n ṣí ibùdó rélùwéè Peckham Rye ní Rye Lane. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, iṣẹ́ Tilling ń gbòòrò sí i. Nígbà tó kú ní 1893, nǹkan bí 4,000 ẹṣin ló fi sílẹ̀. Itẹ́ òkú Nunhead ni wọ́n sin ín sí.

Àwọn ọmọ ẹ̀, Richard àti Edward, gba iṣẹ́ náà. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní 1904, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì alájà méjì tó ń lo ẹ́ńjìnnì jáde láti Peckham sí Oxford Circus. Bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ṣin wọn tó kẹ́yìn, ní àdúgbò wa níbí ló ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1914. Ọjọ́ yẹn náà ni Bìrìtìkó kéde ogun sí Jámánì.

Kì í ṣe owó Tilling ló wù mí jù. Ohun tó wù mí ni pé kò fi àkókò ẹlòmíì ṣeré, bó tilẹ̀ lè pàdánù owó. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú o: tí wọ́n bá ní òde bẹ̀rẹ̀ laago mẹ́rin, aago méje la máa ń kúrò nílé. Ká ní bọ́ọ̀sì Tilling la fẹ́ wọ̀ ni, ẹsẹ̀ la máa fi rìn débẹ̀.