Herbert Macaulay: Òfin Ò Jẹ́ Kó Dupò, Àmọ́ Òun Ló Ń Fa Èèyàn Kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa tá a wà ní Hamburg níbí, mi ò sì fẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tí ìdìbò ìgbìmọ̀ àgbègbè bá ti sún mọ́lé, gbogbo òpó iná tó wà ní Rothenburgsort tí mò ń gbé máa ń kún fún fọ́tò àwọn olóṣèlú. Àwọn ará Poland àtàwọn ará Portugal tá a jọ ń gbé inú ilé kan náà máa ń rí lẹ́tà ìdìbò gbà. Àwa tó jẹ́ pé pasipọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan ló wà lọ́wọ́ wa ò ní rí nǹkan kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ lẹ́tà owó orí ni, kì í ṣìnà ilé wa.

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú ẹ̀ rí o. Ní oṣù kejì ọdún 1989, àwọn aṣòfin Hamburg ṣe òfin pé àlejò tó bá ti gbé ilẹ̀ yìí fún ọdún mẹ́jọ lè dìbò sí ìgbìmọ̀ àgbègbè. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1990, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ Jámánì fagi lé e, kí ẹnì kan tiẹ̀ tó fi dìbò. Ó ní ọmọ Jámánì nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àdéhùn Maastricht ọdún 1992 ló wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù, tiwa sì wà ní títì. Ẹ wá yíjú sílé. Abala 77 àti 117 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ẹni tó bá ń gbé ní Nàìjíríà lásìkò ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti dìbò. A ò sí níbí, a ò sí lọ́hùn-ún.

Ìdí nìyí táwọn kan lára wa fi máa ń sọ nípàdé pé kí ló kàn wá nínú òṣèlú, pé ẹni tí ò lè dìbò kó jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín, ẹnjiníà bíi tèmi, tí òfin ti ilẹ̀kùn mọ́, síbẹ̀ tó jẹ́ pé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, ẹni tó bá fà kalẹ̀ ló ń wọlé l'Ékòó.

Orúkọ rẹ̀ ni Ọláyínká Herbert Macaulay. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ojú ẹ̀ ju bá a ṣe mọ ìtàn ẹ̀ lọ, torí òun ni bàbá onírunmú tó wà lára owó náírà kan. Èkó ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864. Bàbá ìyá rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn. Bàbá tó bí i, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1859, òun náà ló sì kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Ilé ìwé ni ilé wọn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba lọ́dún 1881, nígbà tó sì di 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Ọdún 1893 ló padà dé, wọ́n sì fi í ṣe sọ̀fíyọ̀ ilẹ̀ ìjọba.

Ibẹ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi nínú ìtàn yìí. Èmi náà wá kàwé kún ìwé níbí, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹni tó ń pàṣẹ fúnni ò bá mọ iṣẹ́ tóni. Àárín òun àtàwọn òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ ò gún. Ọdún márùn-ún ló ṣe, ló bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898, ó lọ dá iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn o. Ẹni tó bá ń wọn ilẹ̀ á mọ ilẹ̀ ta ni, á mọ ibi tí ààlà wà tẹ́lẹ̀, á sì mọ ọjọ́ tí ìjọba sún un. Àwọn olóyè Èkó àtàwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a wá.

Ọ̀rọ̀ omi ló kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde láàárín mẹ̀kúnnù. Lọ́dún 1908, ìjọba fẹ́ kí àwọn ará Èkó san owó orí omi ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn ní kànga àwọn tó àwọn, pé tìtorí àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe ń fa páìpù. Macaulay dúró tì wọ́n. Tó bá jẹ́ èmi ni, páìpù ni mo máa gbè, ẹ má bínú sí mi. Rothenburgsort tí mò ń gbé yìí ni Lindley, ẹnjiníà ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ ilé gogoro omi sí ní 1848, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Omi odò Elbe tí wọn ò sẹ́ ni wọ́n ń fà káàkiri ìlú látibẹ̀, kọ́lẹ́rà sì gba inú rẹ̀ wọlé lọ́dún 1892, ó pa ju 8,000 èèyàn lọ. Omi tó mọ́ kì í ṣe ohun àríyànjiyàn. Àmọ́ ta ló jókòó níbi tí wọ́n ti dá owó omi lé Èkó? Kò sí ọmọ Èkó kan tí àwọn ará ìlú dìbò yàn tó wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ìjà yẹn gan-an nìyẹn.

Mi ò ní fi ibi tí kò dáa pamọ́. Lọ́dún 1913, ilé ẹjọ́ dá Macaulay lẹ́bi lórí owó ogún kan tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ló ń gbẹ̀san. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní olè ni. Ẹ̀wọ̀n yìí ló wá di òkúta tí òfin gbé dí i lọ́nà.

Ọdún 1920 ló bá Olúwa, olóyè Amodu Tijani, lọ sí London bí akọ̀wé lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ó mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣùgbàyí dání. Lọ́dún 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London dá Olúwa láre, ìjọba sì san 22,500 pọ́n-ùn owó gbà-máà-bínú. Nígbà tó padà dé, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè pé ta ni Macaulay. Ejò Nígboro ni wọ́n ń pè é l'Ékòó, torí wọn kì í mọ ibi tí yóò ti yọ.

Ọdún 1922 ni Gómìnà Clifford gbé òfin tuntun dé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n máa dìbò yan èèyàn mẹ́rin sínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin: mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Calabar. Ta ló lè dìbò? Ọkùnrin nìkan, tó ti pé ọmọ ọdún 21, tó ti gbé ìlú náà fún oṣù méjìlá, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sì tó 100 pọ́n-ùn. Obìnrin ò sí níbẹ̀. Àwọn apẹja, àwọn alágbàṣe, àwọn akọ̀wé kékeré, gbogbo wọn jábọ́. Ẹni tí wọ́n sì ti rán lẹ́wọ̀n bíi ti Macaulay ò gbọ́dọ̀ dupò.

Ẹ má rò pé Èkó nìkan ni wọ́n ti fi owó wọn ìbò. Hamburg níbí náà, èèyàn lè gbé ìlú yìí dàgbà kó má rí ìbò dì. Ọdún 1896, lẹ́yìn kọ́lẹ́rà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n tún òfin ṣe pé ẹni tó bá fi ọdún márùn-ún léraléra san owó orí lórí 1,200 máàkì lè di ọmọ onílùú lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́nà wọlé. Nígbà tó fi máa di 1904, aṣòfin mẹ́tàlá ti jẹ́ tẹgbẹ́ wọn. Ló bá di pé àwọn ọlọ́lá yí òfin padà lọ́dún 1906: àwọn tó ń gba ju 2,500 máàkì lọ máa yan èèyàn 48, àwọn tí owó wọn kéré sí i máa yan 24 péré. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún yẹn làwọn òṣìṣẹ́ pa iṣẹ́ tì tí wọ́n tú sí ìgboro. Kí ogun 1914 tó dé, nǹkan bíi 20 máàkì ni pọ́n-ùn kan. Ẹ bá mi ṣírò: 100 pọ́n-ùn tí Clifford béèrè l'Ékòó tó 2,000 máàkì nígbà náà, ó ju 1,200 tí àwọn ọlọ́lá Hamburg béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ.

Kí ni Macaulay wá ṣe? Kò lọ sùn. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1923, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, Nigerian National Democratic Party. Nígbà ìdìbò oṣù kẹsàn-án, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹgbẹ́ yìí fà kalẹ̀ l'Ékòó ló wọlé: Egerton Shyngle, Eric Moore àti Dókítà Adéníyì-Jones. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1928 àti 1933. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí nìyí: kì í ṣe àwọn tó ń dìbò nìkan ló gbé ẹgbẹ́ náà dúró. Àwọn olóyè, àwọn mùsùlùmí Èkó àtàwọn ìyá ọlọ́jà ni agbára rẹ̀. Alimotu Pelewura, tó ń ta ẹja, tí kò mọ̀wé, ló kó àwọn obìnrin ọjà sẹ́yìn Macaulay, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ju ìwé ìdìbò kan sínú àpótí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó rẹ̀ ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún 1940, Pelewura kó wọn jáde ní oṣù kejìlá. Ó ní àwọn ò ń dìbò, àwọn ò ní san án. Macaulay wà lẹ́yìn wọn. Ìjọba gbé e sókè sí 200 pọ́n-ùn, èyí tí ìyá aláta tàbí ẹlẹ́ja lásán ò lè dé.

Láàárín kan, ó tún rí ẹ̀wọ̀n he. Ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé ọ̀rọ̀ kan jáde ní 1928 pé wọ́n fẹ́ pa Ẹlẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba ti lé kúrò nílùú láti 1925. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un. Ẹlẹ́kọ̀ọ́ padà dé Èkó ní 1931, inú ìlú sì dùn.

Ohun tí mo ní sí bàbá yìí ni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà lórúkọ, Èkó nìkan ló mọ̀. Ìjókòó mẹ́ta yẹn dùn mọ́ wọn jù. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú Nigerian Youth Movement dé, wọ́n gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wọn ní 1938.

Àmọ́ ọjọ́ ogbó ò mú un jókòó. Lọ́dún 1944, nígbà tí wọ́n dá NCNC sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Gómìnà Richards gbé òfin tuntun kalẹ̀ lọ́dún 1945 láìbi ọmọ Nàìjíríà léèrè tó nǹkan. Ìjókòó mẹ́rin yẹn náà ni wọ́n ṣì fi sílẹ̀ fún ìbò, wọ́n kàn sọ 100 pọ́n-ùn di 50 ni. Ní 1946, Macaulay, ẹni ọdún 81, bá wọn wọkọ̀ lọ yí gbogbo Nàìjíríà ká láti ta ko òfin náà, kó lè ṣe ohun tí kò ṣe láti 1923. Kano ni àìsàn ti kì í mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e padà wálé, ó sì kú l'Ékòó lọ́jọ́ 7 oṣù karùn-ún.

Àwọn tó kù ò dúró. Lọ́dún 1947 wọ́n rán àwọn aṣojú lọ sí London, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nìkan sì ni obìnrin inú wọn. Nígbà tó di 1950, wọ́n mú òdiwọ̀n owó kúrò nínú ìbò ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, àwọn obìnrin náà sì dìbò; Pelewura ṣì wà láyé nígbà yẹn. Àwọn obìnrin òkè Ọya dúró di àwọn ọdún 1970. Tiwa tá a wà lókè òkun, ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022 làwọn aṣòfin Abuja dìbò lórí ẹ̀, wọ́n sì dà á nù nílé ìgbìmọ̀ méjèèjì. Àwọn kan ti tún gbé àbá náà padà wá láti ìgbà náà.