Herbert Macaulay, Ọmọ Opó

Ẹ̀yin ará nínú Kristi, àti ẹ̀yin olùkọ́ àwọn ọmọ wa, òkìkí Herbert Macaulay nínú òṣèlú kàn dé ibi gbogbo. Ìgbà èwe rẹ̀ ni àwa fẹ́ rántí lónìí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù November, ọdún 1864, ni a bí i ní Èkó. Baba rẹ̀ ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ìyá rẹ̀ ni Abigail, ọmọbìnrin Bíṣọ́ọ̀pù Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1877 ni Herbert wọ ilé-ẹ̀kọ́ baba rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọdún 1878, tí àrùn ìgbóná fi pa baba náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Herbert nígbà náà, ọjọ́ orí tí etí ọmọ a máa le sí ìmọ̀ràn. Ó sì pàdánù baba àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Abigail di opó, ṣùgbọ́n ikú baba kò fi òpin sí ẹ̀kọ́ ọmọ. Herbert ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀ títí di ọdún 1880. Ní ọdún 1879, Isaac Olúwọlé, tí ó di Bíṣọ́ọ̀pù nígbẹ̀yìn, gba àkóso ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìyá ń bẹ nílé, olùkọ́ ń bẹ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọwọ́ kan kò sá gbé ẹrù dé orí.

Ní ọdún 1881 ó di akọ̀wé lábẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1890 ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tí ó padà ní ọdún 1893, ó di olùwọn ilẹ̀ ìjọba. Ní ọdún 1923 ó dá ẹgbẹ́ Nigerian National Democratic Party sílẹ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 7 oṣù May, ọdún 1946.

Ní Alápòtí àti ní gbogbo àyíká Ọ̀tà, àwọn tí ń dá ọmọ tọ́ wà láàárín wa, tí wọn a máa jí lọ sí ilé-iṣẹ́ ní Sàngó kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní Bíṣọ́ọ̀pù ní baba. Síbẹ̀, òbí tí kò mọ̀wé pàápàá lè ní kí ọmọ ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ hàn án lálẹ́, ó sì lè lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi àìníbaba bú ọmọ kankan. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ ṣe bí ẹbí fún wọn. Kí Olúwa tí kì í gbàgbé opó ràn wá lọ́wọ́. Àmín.