Dókítà Ládípọ̀ Olúwọlé, ọkùnrin tó kọ́ àwọn wolé-wolé níṣẹ́

Àwọn àgbà tí wọ́n gbé Yábàá, Ẹbùté-Mẹ́ta tàbí Múṣìn kí ìjọba òyìnbó tó kógbá sílé kò lè gbàgbé àwọn wolé-wolé. Bí wọ́n bá ti yọ ní ìkọ̀rọ̀ àdúgbò, kíá ni ìròyìn yóò ti dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí omi rẹ̀ ti pẹ́ nínú ìkòkò yóò sáré dà á nù, nítorí bí wọ́n bá bá tanwíjí nínú rẹ̀, ilé ẹjọ́ ló kàn. Ẹni tí ó da pàǹtí sójú gọ́tà yóò máa wá ìgbálẹ̀ kiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rù wọn nígbà náà kò mọ ẹni tí ó kọ́ wọn níṣẹ́. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé ni. Ẹ ò rí i pé orúkọ méjèèjì fẹ́ jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwọlé ni ti ọ̀kan ń sọ, tí ti èkejì sì jẹ́ wíwo ilé. Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe kò ju méjèèjì náà lọ: kí aṣojú ìjọba wọlé, kí ó sì wò ó dáadáa.

Ní nǹkan bí ọdún 1892 ni wọ́n bí i. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Olúwọlé ni, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwé CMS Grammar School ní Èkó kí wọ́n tó fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893. Ilé ìwé tí bàbá ti ṣe ọ̀gá yìí náà ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí ìjọba dá King's College sílẹ̀ ní ọdún 1909, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, òun sì ni olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí ilé ìwé náà ní. Ní ọdún 1913 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Glasgow ní ilẹ̀ Scotland láti kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó sì gboyè ní ọdún 1918.

Ọdún 1918 yìí gan-an ni àrùn ọ̀fìnkìn burúkú tí ó jà káàkiri ayé wọ Èkó láti ojú omi. Ìjọba rán àwọn òṣìṣẹ́ láti ilé dé ilé, kí wọ́n máa wá àwọn aláìsàn kàn. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n sá kúrò ní Èkó lọ sí ìlú wọn lókè, wọ́n sì kó àrùn náà dání lọ. Àbẹ̀wò tí ìjọba ṣe láti fi dá àrùn dúró wá di ohun tó tún ń fọ́n ọn ká. Ládípọ̀ kò sí nílé nígbà náà, ṣùgbọ́n ìṣòro yìí ni yóò bá a fínra títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Báwo ni ìjọba yóò ṣe wọ ilé onílé tí àwọn ará ilé kò fi ní gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ?

Nígbà tí ó padà dé, Abẹ́òkúta ni ó ti ń tọ́jú aláìsàn gẹ́gẹ́ bíi dókítà aládàáni. Kò bá ti wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́, bí kì í bá ṣe ti eku.

Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kòkòrò kékeré tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ni ó ń gbé e. Bí eku bá kú, kòkòrò náà yóò wá ẹlòmíràn tí yóò máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn sì lè jẹ́ ọmọ ènìyàn. Ibà líle yóò gbé onítọ̀hún dè, kókó yóò sọ sí i lábẹ́ itan tàbí lábíyá, kò sì sí oògùn kan gbòógì tó ń wò ó nígbà náà. Ẹni tí ó bá kó o, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Ilé sì fún mọ́ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, eku ń gba orí àjà bọ́ láti yàrá kan sí òmíràn. Títí di nǹkan bí ọdún 1930 ni àrùn yìí ń pa àwọn èèyàn.

Ní ọdún 1925 ni wọ́n fi Dókítà Olúwọlé ṣe igbákejì dókítà tí ń mójú tó ìlera gbogbo ará ìlú Èkó. Ọmọ Áfíríkà kankan kò tíì dé ipò náà rí. Ohun tí ó kọ́kọ́ dojú kọ ni àtúntò àbẹ̀wò ilé. Àwọn wolé-wolé ti wà kí ó tó dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ wá. Ihò eku ńkọ́? Àká oúnjẹ ńkọ́? Ta ni ó mọ̀ pé eku tí ó kú sí kọ̀rọ̀ léwu ju èyí tí ń sáré lọ?

Ó tún iṣẹ́ àbẹ̀wò èbúté tò pẹ̀lú, nítorí okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́ títì fún eku. Ní àwọn èbúté ńlá ayé nígbà náà, èéfín imí ọjọ́ tàbí gáàsì sáyánáìdì ni wọ́n fi ń pa eku inú ọkọ̀. Gáàsì yìí kò mọ èyí tí í ṣe eku yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ènìyàn. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ rí i pé ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀, kí ó sì mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mọ́ tó kí èèyàn tó padà wọlé. Iṣẹ́ òye ni, kì í ṣe iṣẹ́ agbára.

Ìdí nìyí tí ilé ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Yábàá fi ju gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yòókù lọ lójú tèmi. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni. Láti gbogbo agbègbè orílẹ̀-èdè yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá kọ́ iṣẹ́ wolé-wolé níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń gbà jáde. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn lè sọ fún onílé ohun tí ó wá wò àti ìdí rẹ̀, lédè tí onílé gbọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Nítorí àrùn eku yìí, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń tún Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928, wọ́n wó ilé lulẹ̀ ní Òkò Awo, wọ́n sì la ilẹ̀ Yábàá fún àwọn tí wọn yóò kó kúrò ní erékùṣù. Àwọn tí ogún bàbá wọn lọ sí i kùn gidigidi, ẹjọ́ wọn sì tọ́, nítorí ilé tuntun kì í rọ́pò ojú oórì bàbá ẹni. Irú ìṣípò bẹ́ẹ̀ ni ó tún kún Súrùlérè lẹ́yìn ọdún 1955.

Ní ọdún 1936 Olúwọlé di dókítà àgbà fún ìlera ará ìlú Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìlera àwọn ọmọ ilé ìwé, ilé ìpẹran tuntun dìde, àwọn olóúnjẹ inú ọjà sì mọ̀ pé ojú ń wo àwọn. Ní ọdún 1940 wọ́n fún un ní oyè OBE, ó sì papò dà ní ọdún 1953.

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni òfin ilé iṣẹ́ jáde, tí ó fún àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba láṣẹ láti wọ fákítírì. Eku kọ́ ni wọn yóò máa wá níbẹ̀, bí kò ṣe ẹ̀rọ, iná àti kẹ́míkà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988, nígbà tí wọ́n bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá tí májèlé ilẹ̀ Ítálì wà nínú rẹ̀ ní àgbàlá ẹnìkan ní Kókò, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ayé ìgbà náà, aṣàyẹ̀wò kankan kọ́ ló tú àṣírí náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wà ní Ítálì ló ké sí ilé. Lọ́dún náà ni ìjọba dá FEPA sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àyíká, NESREA sì gba iṣẹ́ náà ní ọdún 2007. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì ọdún Kérésìmesì 2012, bángà tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní agbègbè Ìdúmọ̀tà gbiná, ó sì ba ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà nítòsí jẹ́. Láàárín ilé tí èèyàn ń sùn ni ẹrù náà wà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó kan náà tí Olúwọlé ti ní kí wọ́n máa wo orí àjà.

Lóde òní, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yábàá ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀ lówùúrọ̀, ẹ ó rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń wọ́ wọlé. Lára wọn ni àwọn tí yóò kan ilẹ̀kùn yín lọ́la.