Fẹlá Ti Dàgbà Kó Tó Mú Saxophone

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, Peckham ni wọ́n sì bí mi sí. Ìtàn Fẹlá Aníkúlápó Kútì ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi yàn án.

Ní oṣù September, wọ́n yá mi ní saxophone kan ní ilé ìwé. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo fọn ọ́n, ohùn tó jáde dà bíi ti ewúrẹ́ tí ebi ń pa. Ọmọ kan sọ pé mo ti pẹ́ jù, pé òun ti bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo gbé e wálé, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ fún Dádì pé mi ò ṣe mọ́. Dádì ò bínú. Wọ́n kàn fi orin Fẹlá kan sí i nínú mọ́tò, wọ́n ní kí n gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé ẹni tó ń fọn ún yẹn ti dàgbà kó tó mú saxophone. Mi ò kọ́kọ́ gbà. Mo lọ wádìí, òótọ́ ni.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Fẹlá sí, ní ọjọ́ 15 oṣù October, ọdún 1938. Bàbá rẹ̀, Reverend Israel Ransome-Kútì, ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti sọ pé àwọn ò san owó orí tó ń ni wọ́n lára mọ́. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké kúrò lórí oyè ní ọdún 1949. Orin náà wà nínú ẹbí wọn. Bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà, wọ́n sì gba orin ìjọ tó kọ ní èdè Yorùbá sílẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London níbí, ní ọdún 1922.

Ní ọdún 1958, wọ́n rán Fẹlá wá sí London pé kó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè àti àbúrò rẹ̀ Bẹ́kọ̀ di dókítà lóòótọ́. Fẹlá ní tirẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Trinity College of Music. Trumpet ló kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe saxophone. Àárín ìlú ni ilé ìwé yẹn wà nígbà náà, àmọ́ Greenwich ló wà báyìí. Tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 177 láti Peckham, ẹ máa dé Greenwich. London yìí náà ló ti dá báńdì Koola Lobitos sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣe highlife àti jazz.

Ó padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1963. Ní 1969, òun àti báńdì rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló ti pàdé Sandra Izsadore, tó fún un ní ìwé Malcolm X kà. Láti ìgbà yẹn ni orin rẹ̀ ti yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nípa ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù. Afrobeat ni wọ́n ń pe orin náà, Tony Allen ló sì ń lu ìlù fún un.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Igo Chico ló ń fọn tenor saxophone nínú báńdì wọn. Ní ọdún 1973, ó bá tirẹ̀ lọ. Dípò kí Fẹlá káwọ́ gbera, òun fúnra rẹ̀ gbé saxophone, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún 35! Ó ti lókìkí, ó ti lọ́mọ. Lọ́dún yẹn náà ló ṣe àwo orin Gentleman, òun ló sì fọn saxophone inú rẹ̀. Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá wá ni wọ́n ní mo ti pẹ́.

Fẹlá yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápó sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ní ikú nínú àpò. Síbẹ̀, ìyà jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù February, ọdún 1977, ṣọ́jà bí ẹgbẹ̀rún kan ya wọ ilé rẹ̀ ní Èkó, tó ń pè ní Kalakuta, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, màmá náà sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1984, ìjọba ológun mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfuurufú nítorí owó òyìnbó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ó lò ju ọdún kan àbọ̀ lọ níbẹ̀. Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ ló ń darí báńdì títí ó fi jáde ní oṣù April, 1986.

Orin tí Dádì fi sí i nínú mọ́tò yẹn, Detroit ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ lójú agbo, ní November ọdún 1986 kan náà. Egypt 80 ni báńdì rẹ̀ nígbà yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá a ṣeré tẹ́lẹ̀ ti lọ, àwọn ọ̀dọ́ ti wọlé. Orin mẹ́rin péré ló wà nínú àwo náà, síbẹ̀ ó lé ní wákàtí méjì! A kúrò nílé, a dé ilé Màmá àgbà, orin kan ṣoṣo ò tíì tán. Ọmọ ọdún 48 ni Fẹlá, ẹ̀wọ̀n ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé, ó sì ń fọn ún bí ẹni pé kò rẹ̀ ẹ́ rárá. Ọdún 2012 ni àwo yẹn tó jáde. Fẹlá ti kú nígbà yẹn.

Màmá àgbà ò kọ́kọ́ fẹ́ kí n kọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní ó ń mu igbó, ó sì fẹ́ obìnrin 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òótọ́ ni, mi ò lè purọ́ fún yín. Mo sọ fún Màmá àgbà pé kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́ lára rẹ̀. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní ó dáa, kí n mú èyí tó dára, kí n fi ìyókù sílẹ̀.

Fẹlá kú ní ọjọ́ 2 oṣù August, 1997. Ọmọ ọdún 58 ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló sọ fún gbogbo ayé pé àrùn AIDS ló pa á. Màmá àgbà ní nígbà yẹn ńṣe làwọn èèyàn máa ń fi í pa mọ́, ó gba ìgboyà kéèyàn tó sọ ọ́ jáde. Wọ́n ní èrò tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀ l'Ékòó lé ní mílíọ̀nù kan.

Ṣùgbọ́n saxophone náà ò dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ṣeun ọmọ rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun ló sì gba ìdarí Egypt 80. Fẹ́mi náà ń fọn tirẹ̀. Mádé ọmọ Fẹ́mi tiẹ̀ wá kàwé ní Trinity, níbi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti kàwé.

Èmi náà ti gbé tèmi kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìṣẹ́jú ogún ni mò ń fọn ún lójoojúmọ́. Ewúrẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ebi ò fi bẹ́ẹ̀ pa á mọ́. Màmá àgbà ní kí n máa tẹ̀ síwájú, kí n ṣáà máa ti ilẹ̀kùn.