Àjàyí Crowther àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ìyá Mi Àgbà

Wọ́n nà mí rí ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì nítorí pé mo kọ ọ́ lọ dípò ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi àgbà ń sọ ọ́ ní Àkúrẹ́. Ìgbà tí mo dé yunifásítì níhìn-ín, ní Ìyànà-Ìbà, ni mo tó mọ̀ pé Àjàyí Crowther ti kọ irú rẹ̀ sínú ìwé.

Òṣogùn ni wọ́n bí Àjàyí sí ní nǹkan bí 1809. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì di ará Sàró. Ó di àlùfáà ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1852, ó ṣàkíyèsí pé fáwẹ̀lì arọ́pò-orúkọ a máa bá ti ọ̀rọ̀-ìṣe mu. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ó kọ. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó ṣe alága ìpàdé Èkó ti 1875, níbi tí wọ́n ti ṣe òfin àkọtọ́. Ó kú ní Èkó ní 1891.

Òfin wúlò, kí gbogbo wa lè ka ìwé kan náà. Kò wá sọ ìyá àgbà di aláṣìṣe. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọmọ lẹ́nu kí ẹ tó mú pàṣán.