ÌYỌNU ÒJIJÌ KÒ GBA ÌGBÀGBỌ́ LỌ́WỌ́ RẸ̀: ÌTÀN BÍṢỌ́Ọ̀BÙ ÀJÀYÍ CROWTHER



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará lẹ́yìn ìsìn. Ẹnìkan á ní òun ń gbààwẹ̀, òun ń wọ sùtánà funfun, òun kì í pa ìsìn jẹ, kí ló wá dé tí ọmọ òun fi kú? Òmíràn á ní ọjà òun bàjẹ́. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ìhà ọ̀dọ̀ wa ni owó wọn wọgbó. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀ àwọn kan a máa yọ́ lọ sílé babaláwo lóru, àwọn mìíràn a sì máa wá ẹni tí wọn yóò pè ní àjẹ́ nínú ẹbí.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn baba kan fún yín. Kì í ṣe ìjọ aláṣọ funfun ló ti wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa ní gbogbo ọjọ́ ìsìn. Samuel Àjàyí Crowther ni orúkọ rẹ̀.

ỌMỌ AHUNṢỌ

Ìlú Òṣogùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí Ìséyìn, ni wọ́n bí Àjàyí sí ní nǹkan bí ọdún 1807. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Kí àwa ará ìhà ibí fetí sílẹ̀ dáadáa o: láti Kétu ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣí lọ sí Òṣogùn. Kétu yìí kan náà tí èèyàn yóò bá níwájú bó bá gba Pọbẹ̀ kọjá lọ sókè. Ọmọ wa ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí ìyá rẹ̀ ti ń se oúnjẹ lọ́wọ́, ogun wọ ìlú. Bàbá rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó tún padà sójú ìjà, Àjàyí kò sì fojú kàn án mọ́. Àwọn ológun fi okùn so ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n kó wọn lọ. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn náà wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, àwọn kan tilẹ̀ fi ọtí àti tábà rà á. Ẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún òyìnbó bà á dé ibi pé kò lè jẹun mọ́, ikú sì wù ú ju ìyè lọ. Ẹ rántí pé kò tíì gbọ́ orúkọ Jésù nígbà náà. Kò mọ ẹni tí ì bá ké pè.

Ó dé Èkó, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Esperança Félix. Ẹrú 187 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi mú wọn, tí wọ́n sì gba àwọn ẹrú sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822 ni ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Sàró.

Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Susan.

Ó GBA JÉSÙ, ÌYỌNU KÒ SÌ TÁN

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà nìyí. A rò pé bí èèyàn bá ti gba Jésù, ìyọnu ti parí. Ẹ wo Àjàyí.

Ní ọdún 1841 ó bá àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya. Ibà kọlù wọ́n lójú ọ̀nà, òyìnbó tó lé ní 40 ni ó kú. Ọlọ́run dá Àjàyí sí. Ní ọdún 1843 wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845 òun àti Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí ojú wọn ń wò, kú. Ọ̀nà dí. Wọ́n wà lójú kan ní Àgbádárìgì fún ọdún kan àti ààbọ̀. Àjàyí kò káwọ́ lẹ́rán. Ó ń wàásù, ó sì ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Kò pé oṣù kan tí ó débẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi gbọ́, tó sì wá a wá. Ọdún 25 ni wọn kò ti rí ara wọn! Ara ìyá ń gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò lè jáde, omi ń dà lójú àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó di Hánà. Halleluyah!

Ní ọdún 1853 Àjàyí lọ sí Kétu, ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀, Alákétu sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, adùn ni à bá máa sọ. Ní ọdún 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àwọn ìwé tó ń fọwọ́ kọ jóná, pẹ̀lú àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń ṣà jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Àbí kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ó jókòó, ó mú kálámù, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, àkọ́kọ́ nínú àwọn ènìyàn dúdú nínú ìjọ Áńgílíkà. Ẹ ó ní nísinsìnyí ọ̀gá ti dé ipò ọ̀gá, wàhálà tán. Ní ọdún 1867, nítòsí Ìdàh lẹ́bàá Odò Ọya, ìjòyè kan mú òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson mọ́lẹ̀, ó ń bèèrè owó ìràpadà. Ẹni tí wọ́n ti dè lókùn lọ́mọdé, wọ́n tún mú un nígbà tó lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún! Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá gbà wọ́n sílẹ̀, ọfà bà á, ó kú. Àjàyí bọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lórí odò náà.

Ní ọdún 1880 Susan, aya rẹ̀, lọ sinmi. Ní ọdún 1883 Hánà ìyá rẹ̀ náà lọ. Ní ọdún 1884 ìtumọ̀ gbogbo Bíbélì sí èdè Yorùbá parí, iṣẹ́ tí òun pẹ̀lú Thomas King àti àwọn mìíràn ti dáwọ́ lé láti ogójì ọdún. Nígbà tó di ọdún 1886 ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Ogun tó jọ èyí tó kó o lọ́mọdé tún dé ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀ lójú ayé rẹ̀. Kò di ọdún 1894 kí wọ́n tó tún ìlú náà tẹ̀ dó.

ÌYỌNU LÁTỌWỌ́ ARÁ

Èyí tó dun baba jù ló kẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó míṣọ́nárì dé sí Odò Ọya, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ kò yẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nínú ìpàdé ní Oníṣà, wọ́n lé àwọn àlùfáà rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ rọ́ Dandeson ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi Jésù sílẹ̀, kò sì kúrò nínú ìjọ. Àrùn kọlù ara rẹ̀, ó sì sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kò rí ẹni tó gbèjà rẹ̀ tán kó tó kú.

Ọdún 2014 ni Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Canterbury tó wà nípò nígbà náà, Justin Welby, ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, tó tọrọ àforíjì fún ohun tí ìjọ ṣe sí i. Ó ti lé ní ọdún 122 tó ti wà nínú ibojì nígbà náà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ará, ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa nìyí. Àkọ́kọ́, ìyọnu kì í ṣe àmì pé Ọlọ́run ti kọ ẹni sílẹ̀. Jóòbù kò ṣẹ̀, Jósẹ́fù kò ṣẹ̀. Ẹ má sáré sọ fún arábìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú pé àdúrà rẹ̀ kò tó. Ẹ lọ bá a jókòó, ẹ gbé omi àti oúnjẹ lọ.

Èkejì, Àjàyí kò dúró kí ìyọnu tán kó tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀nà dí, ó ń túmọ̀. Nígbà tí ìwé jóná, ó tún un kọ. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́ ní Ṣakété lè máa gbàdúrà kó sì máa roko pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe retí pé gbogbo ẹjọ́ ni a ó dá fún yín kí ẹ tó kú. Ìyá Àjàyí padà sọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò padà. Ìrora Oníṣà kò san títí ó fi lọ. Síbẹ̀ ó di Olúwa mú nínú èyí tó ye é àti èyí tí kò ye é. Èyí ni a ń pè ní ìgbàgbọ́.

Bí ẹ bá sì ṣí Bíbélì Yorùbá nínú ìsìn òru tó ń bọ̀, ẹ rántí pé ẹni tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin ló wà lára àwọn tó gbé e lé wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa Ọlọ́run wa, ìwọ tí o mọ ọ̀nà tí a kò mọ̀, bí ìjì bá dé sí wa láìròtẹ́lẹ̀, má jẹ́ kí ọwọ́ wa yọ kúrò lára rẹ. Tu àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Fi ẹsẹ̀ àwọn tó fẹ́ padà sẹ́yìn múlẹ̀. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.