JAMES JOHNSON, BÍṢỌ́Ọ̀BÙ TÍ A Ń PÈ NÍ MÍMỌ́

Nígbà tí ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó yẹ kí á yọ̀, kí á lu ìlù, kí á sì fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó tún yẹ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan tí kò rọrùn láti dáhùn: irú ènìyàn wo ni Ìhìnrere ti sọ wá dà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Ilé tí a kọ́ hàn sí gbogbo ojú. Agogo wa ń dún, orin wa sì ń dùn. Ìwà ni ó kù tí a ó wò. Nítorí ìdí èyí ni àwa fi rò pé ó dára kí á kọ ìtàn James Johnson sínú ìwé ìrántí yìí, kí àwọn ará Òkè-Onígbìn àti ẹ̀yin alùfáà àlejò wa lè kà á. Kì í ṣe ọmọ Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ Áńgílíkà tí ń fi èdè Yorùbá gbàdúrà ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ní Sàró ni a gbé bí i, ní nǹkan bí ọdún 1836. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀; Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, Ìjẹ̀bú sì ni ìyá rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú ní àkókò ogun, tí a sì tà sí ọkọ̀ òkun, kí àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ tí wọ́n sì kó wọn gúnlẹ̀ sí Freetown. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sí ọkàn, nítorí pé òun ni kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ìyókù ìtàn yìí. Nígbà tí oníwàásù bá sọ̀rọ̀ ìràpadà fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀rọ̀ inú Ìwé Mímọ́ lásán ni létí wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí nínú ilé James Johnson mọ ohun tí ìdè jẹ́, ó sì mọ ohun tí ó jẹ́ pé kí ẹlòmíràn wá tú ni sílẹ̀ nígbà tí apá ẹni kò ká a.

Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí Ẹgbẹ́ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Freetown, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Fourah Bay, níbi tí ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1858. Ó ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní 1863 a fi í joyè díákónì, ní 1866 ó sì di alùfáà. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti gbàgbọ́ pé Ọlọ́run kò dá ènìyàn dúdú láti máa tẹ̀lé ẹlòmíràn lẹ́yìn títí láé. Ní 1872 ó wà lára àwọn tí ó bẹ Gómìnà Pope-Hennessy pé kí a dá yunifásítì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1876 ni a so Fourah Bay pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba oyè láì kúrò ní Áfíríkà.

Ní 1874 ni Ẹgbẹ́ C.M.S. rán an wá sí Èkó, a sì fi í ṣe olùṣọ́-àgùntàn Ìjọ St. Paul, Breadfruit. Kò pẹ́ tí àwọn ará Èkó fi fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ títí di òní, èyí ni Holy Johnson, Johnson Ẹni-Mímọ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sí àwọn ará Éfésù ni. Oore-ọ̀fẹ́ ni a fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́. Iṣẹ́ wa kò lè rà á, owó kò lè san án, ipò baba ẹni kò sì lè fi í jogún fún ni. Ṣùgbọ́n àpọ́sítélì náà kò dúró níbẹ̀. Ó fi kún un pé iṣẹ́ rere ni a tún wa dá fún. Nítorí náà iṣẹ́ rere kì í ṣe gbòǹgbò ìgbàlà, èso rẹ̀ ni. Igi tí kò bá sì so èso rí, ó yẹ kí a yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò. Ohun tí ó ya James Johnson sọ́tọ̀ ni pé kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí wà lórí àga ìwàásù nìkan. Ó gbé e wọ inú ilé àwọn ọmọ ìjọ, ó gbé e dé ọjà àti oko wọn.

Abẹ́òkúta ni a ti rí èyí jù lọ. Ìlú náà le láti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ nígbà náà. Ní 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí a ba àwọn ilé ìsìn jẹ́ tí àwọn òyìnbó oníwàásù sì ní láti fi ìlú sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá fúnra wọn ni wọ́n di ìjọ mú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ olówò àti jagunjagun olókìkí. Ní 1877 ni James Johnson dé àárín wọn gẹ́gẹ́ bí alábòójútó àwọn ìjọ C.M.S. tí ó wà ní òkè. Ó rí i pé àwọn tí ń jẹ oúnjẹ Olúwa ní ẹrú ní ilé, wọ́n sì ní ìwọ̀fà ní oko. Kódà, àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé ẹni tí a fi ẹ̀jẹ̀ Kristi rà padà kò lè fi owó ra arákùnrin rẹ̀ kí ó sì dì í mú. Nígbà tí Ẹgbẹ́ C.M.S. pa á láṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ dá ẹrú wọn sílẹ̀, kò fi àṣẹ náà sí abẹ́ àga. Ó mú un ṣẹ. Ó sì tún ń rọ àwọn ọmọ ìjọ láti dá owó tí wọn yóò fi bọ́ olùṣọ́-àgùntàn wọn, kí wọ́n má ṣe gbójú lé òkè òkun.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni ó bá wọn sọ. Ẹrú ni ó ń ṣe oko, ẹrú ni ó ń ru epo lọ sí ọjà, ẹrú ni ó sì ń tẹ̀lé olúwa rẹ̀ lọ sí ogun. Ẹni tí ó bá dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ ní òní lè di tálákà ní ọ̀la. Àwọn àgbà ìjọ bínú. Wọ́n ní àlejò ni í, wọ́n ní ọmọ Sàró kò mọ àṣà ilẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ. Ní 1880 a yọ ọ́ kúrò ní ipò náà, ó sì padà sí Breadfruit.

A kò gbọdọ̀ fi ojú kan wo ọ̀ràn yìí. Àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá wọ̀nyí ni wọ́n dúró nígbà inúnibíni. Ìgbàgbọ́ wọn kì í ṣe ti ẹnu lásán. Bẹ́ẹ̀ ni James Johnson pàápàá le bí òkúta nígbà mìíràn. Ó máa ń retí pé kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá pálá dìde sáré. Ṣùgbọ́n ìtàn ti ṣe ìdájọ́. Lónìí kò sí onígbàgbọ́ kan tí yóò dìde láti sọ pé ó tọ́ kí a dì ènìyàn mú bí ẹrú. Ẹni tí wọ́n yọ ni ó rí ọ̀nà. Àwọn tí ó yọ ọ́ ni ìfẹ́ ohun ìní bò lójú. Bí àwọn ènìyàn rere bá lè fọ́jú báyìí sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó bá wọn gbé inú ilé, ó yẹ kí àwa náà bẹ̀rù.

Ní Èkó kò sinmi. Ìjọba ń rí owó orí gbígba láti ara ọtí òyìnbó tí ó ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Síbẹ̀ ó gbógun ti òwò náà, nítorí ó rí i pé ó ń ba ilé jẹ́. Nígbà tí a bá gbé ọmọ wá fún ìrìbọmi, ó máa ń kọ̀ láti fi orúkọ òyìnbó sọ ọ́, ó ń fẹ́ orúkọ ilẹ̀ wa. Àwọn baba wa sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. James Johnson rí i pé ẹni tí a gbàlà kò nílò láti sọ ara rẹ̀ di ọmọ ilé ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ James Johnson títí ó fi kú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ru ẹrù kan náà. Ní 1899 ó tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá. Bí ó ti ń bá òrìṣà jà, bẹ́ẹ̀ ni kò kẹ́gàn àwọn ènìyàn rẹ̀.

Láti 1886 títí di 1894 ó jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Lẹ́yìn tí ogun 1892 ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀, ó ṣe akitiyan púpọ̀ kí Ìhìnrere lè fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó oníwàásù sì fi ojú Bíṣọ́ọ̀bù Crowther gbolẹ̀ ní 1890 lórí iṣẹ́ Odò Ọya, James Johnson wà lára àwọn tí ó gbèjà arúgbó náà kí ó tó kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891.

Ní 1900 a yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù Olùrànlọ́wọ́, a sì fi iṣẹ́ ẹnu Odò Ọya lé e lọ́wọ́. Ìdánwò tí ó tóbi jù lọ dé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn aláṣẹ ìjọ ní kí ó fi ilé alùfáà Breadfruit sílẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ṣe é dun àwọn ọmọ ìjọ wọnú egungun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde, wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà Bẹ́tẹ́lì sílẹ̀ ní 1901. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n fi jà, gbogbo wọn ni ì bá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ bí ó bá fẹ́ ṣe olórí wọn. Ohun tí ó ti ń wàásù láti ọjọ́ pípẹ́, pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà máa ṣe àkóso ìjọ ara wọn, wà ní iwájú rẹ̀ bí oúnjẹ lórí tábìlì. Kò tẹ̀ lé wọn. Ó dúró nínú Ìjọ Áńgílíkà tí ó ti ṣẹ̀ ẹ́, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí àárín odò àti ẹrẹ̀ láti máa ṣọ́ àwọn àgùntàn tí a fi sí ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn kan pè é ní òmùgọ̀. Àwa kò dá àwọn tí ó jáde lẹ́bi, nítorí Ọlọ́run ti bùkún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n a gbàgbọ́ pé níhìn-ín ni a ti rí ìwà mímọ́ James Johnson ní ìhòòhò, pé ó lè gbé ìrora ara rẹ̀ mì láì fi ṣe àtẹ̀gùn sí ipò.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ẹnu Odò Ọya lábẹ́ Garrick Braide, ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ní Bakana. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sun òrìṣà wọn, wọ́n sì kọ ọtí. Inú bíṣọ́ọ̀bù ì bá dùn sí èyí, ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn ènìyàn ń gbé ọkùnrin náà ga ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì dojú kọ ọ́. Ìjọba mú Braide ní 1916, a sì fi í sẹ́wọ̀n. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí bí bíṣọ́ọ̀bù ti le tó nínú ọ̀ràn náà. Ohun tí ó ń bẹ̀rù kò ṣòro láti mọ̀: Kristi nìkan ni ó ń gbani là, kò sí wòlíì tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù May 1917 ó sùn nínú Olúwa, lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta láti ìgbà tí a ti fi í joyè díákónì.

Ẹ̀yin ará ọ̀wọ́n, ní Èsìẹ́ tí kò jìnnà sí wa, àwọn ère òkúta wà níbẹ̀ tí Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., mú ìròyìn wọn jáde fún ayé ní 1933. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí wọn yóò yìn wọ́n. Wọ́n jókòó tẹ̀yẹtẹ̀yẹ; ṣùgbọ́n wọn kò lè dìde, wọn kò sì lè fún ẹni tí ebi ń pa ní oúnjẹ. Ìjọ pàápàá lè jókòó báyìí fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ó lẹ́wà, kí ó má sì mira. Ẹrú kò sí ní oko wa mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tálákà tí a gbà sí ilé tí a kò rán ní ilé-ìwé ńkọ́? Òṣùwọ̀n èké tí ó wà ní ọjà ńkọ́? Arákùnrin tí a kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ilẹ̀ baba ńkọ́? Níbi wọ̀nyí ni James Johnson ì bá ti bẹ̀rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé àárín wa ni a rán an sí.

Kí Ọlọ́run tí ó fi oore-ọ̀fẹ́ pe àwọn baba wa kí ó má ṣe jẹ́ kí oore-ọ̀fẹ́ náà já sí asán lórí wa. Kí ó fún wa ní ọkàn tí ó lè gbọ́ ìbáwí, kí àwọn tí yóò ṣe àjọ̀dún igba ọdún ìjọ yìí lè rí nínú ìwà wa ohun tí wọn yóò fi dúpẹ́. Àmín.